Ta Ló Pa Ṣánẹ́lì Kẹrin?

Ọba kú lórí ìtàgé. Àwọn onílù dákẹ́, ẹni tó ń darí iná fa gbogbo ọwọ́ kọ́ńsóòlù rẹ̀ wálẹ̀ dé òdo, ó sì yẹ kí gbọ̀ngàn náà ṣókùnkùn biribiri, kí òkú ọba lè dìde, kó kó agbádá rẹ̀ mọ́ra, kó sì yọ́ wọ ẹ̀yìn aṣọ ìtàgé láìsí ojú tó rí i. Ṣùgbọ́n iná kan kọ̀, kò kú. Ó dúró gbagidi lókè, ó tan ìmọ́lẹ̀ sórí òkú bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó sọnù. Ọba la ojú kan, ó rí i pé òkùnkùn tí òun ń retí kò dé, ó dìde níkẹyìn, ó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ lójú gbogbo ènìyàn. Ẹ̀rín tó sọ nínú gbọ̀ngàn lálẹ́ ọjọ́ náà kò sí nínú ìwé eré.

Ìbàdàn ni èyí ti ṣẹlẹ̀, n kò sì ní dárúkọ gbọ̀ngàn náà. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n pè mí, nítorí iṣẹ́ tí mo ń ṣe jẹun nìyí: mo máa ń tún ẹ̀rọ iná orí ìtàgé ṣe, pàápàá jù lọ dímà, ìyẹn àpótí tó ń mú kí iná ìtàgé rọra tàn, kó sì rọra kú, dípò kó máa ṣe é wàì bí iná inú yàrá. Ojú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan tí iná ń gbà jáde nínú àpótí náà là ń pè ní ṣánẹ́lì. Mo ti ń ṣe é pẹ́ débi pé, bí ènìyàn bá pè mí lórí fóònù tó sọ pé iná kan kọ̀ láti kú, mo ti mọ ohun tí mo máa bá nínú àpótí kí n tó wọ bàtà. Ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà, tí ṣánẹ́lì kẹrin gbọ̀ngàn yẹn fi ojú mi rí màbo kí n tó mọ̀, ni pé ohun tí mo máa ń bá nínú àpótí yẹn kì í sábà jẹ́ ohun tó ń ṣe àpótí náà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn, tó fi mọ́ àwọn kan tó ń lo dímà lójoojúmọ́, ló rò pé bí ẹnu ẹ̀rọ omi ni dímà ṣe ń ṣiṣẹ́, pé ṣe ló ń fún iná mọ̀nàmọ́ná lọ́rùn kó lè máa sun díẹ̀díẹ̀. Irú dímà bẹ́ẹ̀ ti wà rí lóòótọ́. Àwọn kan jẹ́ wáyà gbọọrọ tó ń jẹ lára iná náà, tó sì ń sọ èyí tó jẹ di ooru lásán; àwọn kan sì jẹ́ ìkòkò omi iyọ̀ tí wọ́n ń ri irin pẹlẹbẹ bọ̀, bí irin náà bá ṣe wọlé sí ni iná yóò ṣe mọ́lẹ̀ sí. (Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ike omi mímu sún mọ́ dímà, nítorí náà ẹ̀rín ni ìtàn omi iyọ̀ yìí máa ń pa mí.) Ìgbà tí ilé iṣẹ́ General Electric ti Amẹ́ríkà ṣe thyristor, ẹ̀yà kékeré tó ń ṣí ọ̀nà fún iná tó sì ń tì í, jáde ní ọdún 1957 ni ọ̀nà tuntun ṣí, triac tó wà nínú ọ̀pọ̀ dímà tí mo ń tú lónìí sì jẹ́ mọ̀lẹ́bí rẹ̀.

Iná ìlú wa máa ń lọ síwá sẹ́yìn ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nípa bẹ́ẹ̀ ìgbà 100 ló ń kọjá lójú òdo. Láti òdo kan dé èkejì kò ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá lọ. Triac dà bí oníbodè tó dúró sójú ọ̀nà yẹn. Bí ìgbì kọ̀ọ̀kan bá bẹ̀rẹ̀, ẹnubodè wà ní títì. Oníbodè kò ní ṣí i títí a ó fi fún un ní àmì, ṣùgbọ́n bó bá ti ṣí i, kò lè tì í mọ́ àfi tí ìgbì náà bá padà sí òdo. Bí a bá fún un ní àmì ní kùtùkùtù ìgbì, iná tó pọ̀ ni yóò wọlé, gílóòbù á sì tàn yòò. Bí a bá dúró títí dé àárín gbùngbùn kí a tó fún un, ìdajì agbára iná ló máa kọjá. Wáyà tín-ín-rín inú gílóòbù kì í rí àyè tutù láàárín ìgbì kan sí èkejì, ìdí nìyẹn tí ojú wa kò fi rí i pé iná náà ń kú, ó sì ń jí, ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Ìwà oníbodè yìí kan ló yẹ kí ènìyàn mọ̀: bí ikú bá dé bá a, kì í sábà ti ẹnubodè kó tó kú. Ṣíṣí sílẹ̀ gbayawu ló máa ń fi í sílẹ̀. Bí iná kan bá wà lórí ìtàgé tí kò gbọ́ràn sí kọ́ńsóòlù lẹ́nu mọ́, triac rẹ̀ ti kú sẹ́nu iṣẹ́.

Nítorí náà, nígbà tí mo dé gbọ̀ngàn yẹn, mo ti mọ̀. Mo pa iná láti orísun, mo tú ideri, mo gbé mítà. Ṣánẹ́lì 12 ni àpótí náà ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gbé ámpíà 10, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní triac tirẹ̀, irú èyí tí wọ́n kọ BTA41 sí lára. Láàárín ẹsẹ̀ méjì tí iná ńlá ń gbà kọjá lára triac tó pé, mítà kò gbọdọ̀ ka nǹkan kan. Ti ṣánẹ́lì kẹrin kò ka óòmù kan pé (óòmù ni òṣùwọ̀n bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́nà tó), bí ẹni pé wáyà lásán ni mo gbé mítà lé. Mo yọ ọ́, mo nu àtíkè funfun tó ti gbẹ lẹ́yìn rẹ̀ kúrò, mo fi tuntun sí i, mo sódà rẹ̀, mo so gílóòbù wáàtì 200 mọ́ ojú ọ̀nà tí iná ń gbà wọlé kí n má bàa dáná sun iṣẹ́ ọwọ́ mi bí mo bá ṣe àṣìṣe, mo sì gbé iná wọlé. Gbogbo rẹ̀ pé. Mo fa ọwọ́ kọ́ńsóòlù sókè, iná ṣánẹ́lì kẹrin yọ bí oòrùn òwúrọ̀. Mo fà á wálẹ̀, ó wọ̀. Mo gba owó mi, mo lọ ilé.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, fóònù mi dún. Ìyá àgbà tó ń mójú tó ìtàgé wọn, tí gbogbo òṣèré ń pè ní Màmá, ni.

“Ẹ ǹlẹ́ o, ọ̀gá oníná. Ọba wa tún jí o.”

Kò pariwo, kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi. Mo ní, “Ẹ má bínú, Màmá, mo ti ń bọ̀,” mo sì ń sọ fún ara mi lójú ọ̀nà pé triac ayédèrú ni wọ́n tà fún mi, nítorí ẹni tó bá ti ra ọjà rí ní Alaba mọ̀ pé orúkọ tí wọ́n tẹ̀ sí ara nǹkan kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ orúkọ rẹ̀. Àwáwí tó dùn mọ́ mi ni, torí ó gbé ẹ̀bi kúrò lọ́rùn mi. Nígbà tí mo tú àpótí, tí mo tún bá triac ṣánẹ́lì kẹrin ní òkú, ṣánẹ́lì kẹrin kan náà, tí gbogbo mọ́kànlá yòókù wà láàyè, tó sì jẹ́ pé mo ra triac yẹn pọ̀ mọ́ méjì mìíràn tó ṣì ń ṣiṣẹ́ níbòmíràn, àwáwí náà kò dùn mọ́. Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Èmi ti gé ìka tí kò ṣẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan, mo sì ti tún mú ọ̀bẹ dání.

Mo jókòó sórí àpótí ìlù kan, mo sì ṣe ohun tó yẹ kí n ti ṣe lọ́jọ́ àkọ́kọ́: mo wo fíúsì. Fíúsì wà fún ṣánẹ́lì kọ̀ọ̀kan kó lè kú dípò triac, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. Bí triac bá kú tí fíúsì rẹ̀ wà láàyè, ẹni tó ní láti jẹ́jọ́ ti wà lójú ẹsẹ̀. Mo yọ ti ṣánẹ́lì kẹrin, mo sì bá ohun tó yà mí lẹ́nu tí kò sì yà mí lẹ́nu: ẹnì kan ti mú fíúsì onígíláàsì tó ti jó, ó fa fọ́nrán bàbà márùn-ún tàbí mẹ́fà yọ láti inú wáyà kan, ó wé e mọ́ ọn láti orí dé orí, ó sì dá a padà sáyè rẹ̀. Ó wé e dáadáa, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń dirun. Irú fíúsì bẹ́ẹ̀ kò lè já ní ámpíà 10 láéláé. Fíúsì tó yẹ níbẹ̀ ni ti amọ̀, tí iyanrìn kún inú rẹ̀, tó ń yára já, tí iyanrìn náà sì ń pa iná tó bá fẹ́ fò kọjá nígbà tó bá ń já. Wọ́n ti sọ triac di fíúsì láìsọ fún un.

Ṣùgbọ́n kí ló ń fẹ́ já fíúsì náà láti ìbẹ̀rẹ̀? Ẹni tó wé bàbà mọ́ ọn kò ya wèrè. Fíúsì ń já mọ́ ọn lọ́wọ́ ni, eré sì gbọ́dọ̀ lọ. BTA41 kì í ṣe ọ̀lẹ. Ámpíà 40 ló lè gbé láìsinmi bí ara rẹ̀ kò bá gbóná jù, bó bá sì jẹ́ ìgbì kan ṣoṣo, ó lè fara da tó 400. Gílóòbù tó jó lẹ́nu iṣẹ́ lè pa á, nítorí pé bí wáyà inú gílóòbù ńlá bá ń já, iná máa ń fò láàárín ojú ibi tó já sí, ó sì máa ń fa agbára tó pọ̀ gan-an fún ìgbà kúkúrú. Gílóòbù ṣánẹ́lì kẹrin kò tíì jó, a kúkú rí i lálẹ́ tí ọba sá. Mo gbé àkàbà, mo gùn ún dé ibi tí iná náà wà lórí irin.

Iná wáàtì 1000 ni, onírù agolo. Ibi tí wáyà rẹ̀ ti jáde lẹ́yìn agolo, tó sì yí gba abẹ́ apá irin tó gbé e dúró, awọ wáyà náà ti dúdú, ó ti le kókó bí awọ ẹran tó pẹ́ lórí ààrò. Mo di agolo náà mú, mo sì rọra tẹ̀ ẹ́ síwájú bí ẹni tó fẹ́ yí i sórí ìtẹ́ ọba. Awọ náà fọ́, ó bọ́ sílẹ̀ wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́, mo sì rí wáyà méjèèjì ní ìhòòhò tí wọ́n ń fẹnu ko ara wọn lẹ́nu. Ìgbà náà ni mo wá béèrè lọ́wọ́ Màmá ìgbà tí wọ́n máa ń yí iná yìí. Ó ní gbogbo ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń fi gbọ̀ngàn náà ṣe ìgbéyàwó, àwọn tó ń ṣe ọ̀ṣọ́ á yí iná náà sí ibi tí ìyàwó máa jókòó sí, àwọn òṣèré á sì tún yí i padà sórí ìtẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò. Bí wọ́n bá ti yí i báyìí, àwọn wáyà náà á kanra. Bí wọ́n bá jọ̀wọ́ rẹ̀, wọ́n á tún yara. Ẹni tó bá wá yẹ̀ ẹ́ wò láìfọwọ́ kàn án yóò sọ pé kò ṣe nǹkan kan.

Wáyà tuntun tí awọ rẹ̀ kì í bẹ̀rù ooru, fíúsì tó tọ́, àti triac kẹta. Mo gba owó wáyà àti fíúsì. Owó triac, mo fi í sílẹ̀.

Láti ìgbà náà, n kì í fi triac tuntun sí dímà kankan láìkọ́kọ́ béèrè ẹni tó pa èyí tó kú. Ìbéèrè náà ti mú mi lọ sí ibi tó jìnnà sí àpótí. Ní ìlú mìíràn, wọ́n pè mí sí dímà ńlá tó ń gba iná láti féèsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìyẹn wáyà mẹ́ta tí iná ìlú ń gbà wọlé. Wọ́n ní ó ń jó gílóòbù bí ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà, apá kan ìtàgé á mọ́lẹ̀ jù, apá kan á ṣú. Bọ́ọ̀dù mẹ́ta ni wọ́n ti pààrọ̀. Èmi kò tilẹ̀ tú ideri dímà náà. Mo lọ sí ibi tí iná ti wọlé, mo sì bá ìdè nútírà, wáyà tí iná ń gbà padà, tó ti tú, tí bàbà etí rẹ̀ ti dúdú, tí ike àyíká rẹ̀ ti yọ́. Bí nútírà bá ti já, fóòtì 230 kì í jẹ́ 230 mọ́. Ṣánẹ́lì tó bá gbé ẹrù fẹ́ẹ́rẹ́ á gba ìpín tirẹ̀ àti ti ẹlòmíràn, ó sì lè sún mọ́ 400. Àwọn oníṣẹ́ iná ilé wa mọ èyí dáadáa nítorí tẹlifíṣọ̀n àti fíríìjì tó ti bá a lọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀ ni pé dímà fúnra rẹ̀ wà lára ohun tó ń tú ìdè náà. Bí iná féèsì mẹ́ta bá pé pérépéré, wọ́n máa ń pa ara wọn rẹ́ nínú nútírà. Ṣùgbọ́n iná tí dímà ti gé kélekèle kì í pa ara rẹ̀ rẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn àjákù náà á kóra jọ sínú nútírà, nútírà á sì gbé ẹrù tó ju ti féèsì kan ṣoṣo lọ. Oníṣẹ́ tó bá lo nútírà tín-ín-rín fún dímà ti gbin iná sílẹ̀ ni.

Ìbéèrè tí mo máa ń kọ́kọ́ bi ẹni tó bá pè mí kúrú: ṣé iná kan ló ń ṣẹ́jú ni, àbí gbogbo wọn pọ̀? Bó bá jẹ́ ẹyọ kan, mo ń bọ̀ pẹ̀lú irin ìsódà. Bó bá jẹ́ gbogbo wọn, ẹ wo jẹnẹrétọ̀ yín ná. Dímà ń fi ibi tí ìgbì ti kọjá lójú òdo ka àkókò, jẹnẹrétọ̀ tó ń sáré tó tún ń falẹ̀ bí ẹrù ṣe ń yí padà kì í jẹ́ kí òdo náà dúró sójú kan. Bó bá sì jẹ́ pé ìgbà tí ẹ fa wáyà ìdarí jìnnà ni wàhálà bẹ̀rẹ̀, ẹ so resistor óòmù 120, ẹ̀yà kékeré tó ń dí iná lọ́nà, mọ́ òpin rẹ̀. Àwọn ará USITT, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ iṣẹ́ ìtàgé ní Amẹ́ríkà, tó gbé DMX512, èdè tí kọ́ńsóòlù fi ń bá dímà sọ̀rọ̀, kalẹ̀ ní 1986 kò fi í ṣe ẹ̀ṣọ́. Láìsí i, ọ̀rọ̀ tí kọ́ńsóòlù sọ á lọ dé òpin wáyà, á sì padà wá bí ohùn nínú kànga.

Mo ti jẹ̀bi ju ti ṣánẹ́lì kẹrin lọ. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọ iṣẹ́, mo dájọ́ ikú fún ṣánẹ́lì mẹ́ta tí kò ṣe nǹkan kan, nítorí pé mo fi ọwọ́ wọn sí òdo, mo gbé mítà lé ẹnu wọn láìso gílóòbù kankan mọ́ ọn, mítà sì ka fóòtì tó ju 200 lọ. Ọ̀gá mi kò sọ̀rọ̀. Ó mú gílóòbù wáàtì 100, ó so ó mọ́ ọn, fóòtì náà sì pòórá. Ìwọ̀nba iná tó ń jò gba ẹ̀gbẹ́ triac nípasẹ̀ kàpásítọ̀ kékeré tó ń dáàbò bò ó ni mítà ń kà. Kò lágbára àtitan àtùpà èèrà. Bẹ́ẹ̀ náà ni gílóòbù wáàtì 1000 tó tutù máa ń ka nǹkan bí óòmù 4 péré, tí ọmọ iṣẹ́ á sì pariwo pé ó ti ṣọ́ọ̀tì. Bó bá gbóná, ó sún mọ́ 53.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ kan nípa ọjà, nítorí ó lè pa ènìyàn. BTA àti BTB jọra bí ìbejì, ọlọ́jà á sì búra fún yín pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ẹ̀yìn BTA kò kan iná. Ẹ̀yìn BTB kan iná gbangba. Ẹni tó bá fi BTB rọ́pò BTA ti gbé iná ìlú sórí irin tí ooru ń gbà jáde, irin yẹn sì ni gbogbo wa máa ń fọwọ́ tì nígbà tí a bá ń wo inú àpótí. Mo ti rí ọ̀kan bẹ́ẹ̀; tẹ́sítà ló kìlọ̀ fún mi, kì í ṣe ọgbọ́n orí. MOC3021 àti MOC3041, àwọn ẹ̀yà kékeré tó ń fún triac ní àmì, náà jọra, ṣùgbọ́n èkejì kì í gba àmì àfi lẹ́bàá òdo, ṣánẹ́lì tí wọ́n bá fi sí kò sì ní mọ̀ ju kó tàn gbáà tàbí kó kú pátápátá.

Ọmọńlé ńkọ́? Ogiri tí kò lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́, àmọ́ dímà gbọ́dọ̀ lanu kó lè mí. Mo ti yọ ọmọńlé gbígbẹ tó tó márùn-ún nínú àpótí kan ṣoṣo nígbà ọyẹ́, pẹ̀lú eruku tó ti di fáànù pa.

Wọ́n ń sọ fún mi pé iṣẹ́ yìí ń lọ, pé iná LED ti dé, kò sì nílò dímà. Òótọ́ ni, kódà àwọn LED náà ń gbé iṣẹ́ wá fún mi fún ìgbà díẹ̀ sí i, torí àwọn ọ̀dọ́ oníná ṣì ń ki plọ́ọ̀gì wọn bọ ẹnu dímà, iná tó ti gé kélekèle á sì ba ẹ̀rọ inú wọn jẹ́. N kò ní sunkún nítorí owó iná tí wọ́n dín kù. Ṣùgbọ́n gílóòbù àtijọ́, bí dímà bá ń fà á wálẹ̀, kì í kàn ṣókùnkùn. Ó máa ń pọ́n díẹ̀díẹ̀, láti funfun sí àwọ̀ oyin, láti oyin sí àwọ̀ ẹ̀yinná, lára aṣọ òfì àti lójú òṣèré tó dúdú. Bí ọba bá ń kú, bẹ́ẹ̀ gan-an ló yẹ kó rí.

Alẹ́ ọjọ́ tí eré yẹn parí, Màmá ní kí n wá wò ó. Mo jókòó sí ìlà tó kẹ́yìn. Ọba ṣubú, àwọn onílù dákẹ́, iná bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n lórí agbádá rẹ̀, èmi sì ń ka ṣánẹ́lì nínú ọkàn mi: kìíní, ìkejì, ìkẹta. Nígbà tí mo dé orí ìkẹrin, n kò rí nǹkan kan mọ́. Mo kàn gbọ́ fìwìrìfìwìrì aṣọ tí wọ́n ń kó nílẹ̀, ẹsẹ̀ kan kọ ìlù, ẹnì kan ní “ṣíọ̀” láàárín òkùnkùn.